Ẹ̀kọ́ Olórí Mẹ́ta Tí Abọ́sẹ̀dé Ń Kọ́ l'Ékòó

Ìgbẹmọ-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé Ọjọ́rú Eérú, 1979.

Ọmọ mi Abọ́sẹ̀dé, Àyọ̀kẹ́ ọmọ Adébíyìí,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara rẹ le? Ṣé àwọn ará Èkó kò tíì gba ọgbọ́n orí rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti Màríà Mímọ́. Ìyá rẹ Àdùkẹ́ kí ọ, Fadá kí ọ, àbúrò mi Ayọ̀kúnlé náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní kí n má kọ̀wé sí ọ tẹ́lẹ̀. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé, ooru ń mú. Ewúrẹ́ rẹ tó ní àmì funfun lórí bí ìbejì, ọ̀kan kú, mo fura sí ilé kejì ṣùgbọ́n n kò sọ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo ọ̀nà ìwé mi láti ṣáájú ìkórè ìrẹsì. Kì í ṣe pé mo ṣàìsàn, kì í sì í ṣe pé ìwé rẹ kò tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà, mo ní kí tíṣà kà á sí mi létí bóyá ojú mi ló ń tàn mí jẹ. O ní kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà nìkan ni o ń kọ́ mọ́. O ní wọ́n dá ẹ̀kọ́ tuntun kan sílẹ̀ níbẹ̀, pé nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ yín ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń kọ́ yín bí a ṣe ń ya nǹkan sórí ìwé kí á tó ṣe é, tí wọ́n sì tún ń kọ́ yín bí a ṣe ń ṣe sinimá àti bí a ṣe ń gba ohùn ènìyàn sínú kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ papọ̀, oyè kan ṣoṣo ni wọn yóò sì fún yín bí ẹ bá parí.

Abọ́sẹ̀dé, mo fura. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo, ìwọ wá ń lé mẹ́ta. Alágbẹ̀dẹ ń rọ irin, ayàwòrán ń kun ògiri, oní-sinimá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní Adó, ta lo rí tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kì í ṣe gbájú-ẹ̀? Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ìlú ti ń pe ìyá rẹ ní Ìyá Ẹnjiníà. Kí ni kí wọ́n máa pè é báyìí? Ìyá Ẹnjiníà Ayàwòrán Oní-Sinimá? Kí oníbàárà tó pe orúkọ yẹn tán lọ́jà, ẹlòmíràn á ti ra ìrẹsì tó fẹ́ rà lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Adó, mo lọ bá Sístà kan tó mọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa fi àyè kan pamọ́ fún ọ. Ó ní òun gbọ́, kí o wá lẹ́yìn Àjíǹde. Ìyá rẹ kò mọ̀, Ayọ̀kúnlé nìkan ni mo sọ fún. Èrò mi ni pé n ó kọ̀wé pè ọ́ wálé bí ẹni pé ara mi kò yá, bí o bá sì ti dé, ẹ̀kọ́ olórí mẹ́ta parí nìyẹn.

Ibi tí mo ti ń gbèrò yìí ni àwọn ènìyàn rẹ ti dé. O mọ bí àkókò ìkórè ṣe rí, ìrẹsì kún gbogbo ojúde, kò sẹ́ni tó ráyè fọn imú. Bọ́ọ̀sì kékeré kan dúró lẹ́bàá oko wa, obìnrin ló ń wà á, àwọn ọkùnrin jókòó sẹ́yìn bí ẹrù. Ìyẹn nìkan tó ohun tí ènìyàn fi ń fura. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan jáde, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n gbé nǹkan dúdú kan lé e lórí, ọmọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sídìí rẹ̀, ó di ojú kan, ó fi ojú kejì wo oko wa láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ibi gbogbo tí wọ́n bá ti gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wo ilẹ̀ àwọn ènìyàn, kátapílà ló máa ń tẹ̀ lé e. Ayọ̀kúnlé ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó ní àwọn awọnlẹ̀ dé o, wọ́n fẹ́ gba oko. Kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, àwọn ènìyàn ti yí wọn ká tàwọn ti dòjé lọ́wọ́. Àwọn kan ní olóṣèlú ni wọ́n, pé láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú máa ná òde, oríṣiríṣi la ó máa rí. Èmi tí mo jẹ́ olórí ilé, mo já nǹkan dúdú náà gbà, mo gbé e wọ inú àká, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní Fọláyẹmí ni orúkọ òun, olùkọ́ rẹ ni òun, ìwọ lo sì júwe ilé fún wọn. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa fẹ́ ìrẹsì, pé ìwọ lo gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí kíláàsì, tí o sọ fún wọn bí ikọ́ ṣe máa ń dá ìyá rẹ lágara nígbà tó bá ń fẹ́ ìyàngbò kúrò. Ó ní wọ́n fẹ́ ya bó ṣe ń fi àtẹ ṣe é, kí wọ́n lè rí bí ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ ṣe ń lọ, kí wọ́n tó ro bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe rí. Mo ní irọ́ ni. Mo ní èmi tí mo ń bá Àdùkẹ́ gbé láti ọjọ́ yìí wá, n kò gbọ́ ikọ́ kankan rí. Ìyá rẹ húkọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Mo wá dojú kọ ọmọkùnrin tó di ojú kan nì. Ó ní Olúrántí ni òun ń jẹ́, ọmọ Ìyìn ni òun. Ta ló mọ̀ bóyá ọmọ Èkó ni? Mo mú iṣu kan, mo ní kí ni wọ́n ń pe èyí nílé yín. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní usu. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, gbogbo dòjé wálẹ̀. Mo gbà pé ọmọ Èkìtì ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì kan náà ń jalè. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ ọ́, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ẹ jọ wà ní kíláàsì ni, pé Àyọ̀kẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ Bàbá gan-an. Àyọ̀kẹ́! Abọ́sẹ̀dé, ta ló sọ oríkì rẹ fún un? Láti ìgbà yẹn ni n kò ti gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n wá gbà lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n gbé nǹkan ọlọ́nǹkan fún un, pé ẹni tó bá fẹ́ wo òun níbi iṣẹ́ kí ó wá wò, pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo òun kẹ́yìn.

Wọ́n sì wò ó. Bó bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, bó bá gbọn àtẹ, nǹkan dúdú náà a máa kùn bí agbọ́n. Wọ́n na ọ̀pá kan sí i lẹ́nu, orí ọ̀pá náà nírun bí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n ní ohùn ló ń gbà. Mo bi wọ́n pé ohùn tí wọ́n ń gbà yìí, ṣé wọn yóò dá a padà? Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, mo ní kí ìyá rẹ pe orúkọ mi kí n mọ̀ bóyá ohùn náà ṣì kù. Ó kù, ó tilẹ̀ tún le sí i. Olúrántí ní tirẹ̀ jókòó ti kẹ̀kẹ́ mi, ó ń yà á sórí ìwé, ó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ka eyín ṣéènì. Mo wí lọ́kàn mi pé bí kẹ̀kẹ́ yìí bá sọnù lọ́la, mo ti mọ ilé ẹni tí n ó lọ ní Ìyìn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n yà hàn wá. Mìsísì Fọláyẹmí ní kò tíì ṣeé wò, pé wọ́n máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́. Mo ní fọ̀? Mo ní omi wà níbí, ọṣẹ wà, kí ni ojú wa ṣe tó fi jẹ́ pé Òyìnbó ni yóò fọ̀ ọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi oògùn ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Èyí ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Omi oògùn! Ayọ̀kúnlé ní òun ti mọ̀, pé àwọn tó ń kó ìrẹsì Òyìnbó wọlé ló rán wọn wá wo àṣírí ìrẹsì Ìgbẹmọ, pé láìpẹ́ wọn yóò máa tà á nínú páálí, tí orí Àdùkẹ́ yóò wà lára rẹ̀. Mo bínú sí i pé kí ó má pe orí ìyàwó mi mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé Adó, mo máa ń yẹ ara páálí ìrẹsì wò.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ààwẹ̀ yìí ni wọ́n padà dé. Mo ń wo ẹnu bọ́ọ̀sì náà títí ẹni tó gbẹ̀yìn fi sọ̀kalẹ̀, n kò rí ọ. Ohun tí wọ́n gbé wá ni àpótí pákó kan tó ní abẹ̀bẹ̀ onípáànù nínú. Mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ Jósẹ́fù Mímọ́, ìgbà tí n ó fi dé, kẹ̀kẹ́ mi ti dojú dé láàárín àgbàlá bí àgbò tí wọ́n fẹ́ bó, Olúrántí ti yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti fa ṣéènì rẹ̀ bọ ìdí abẹ̀bẹ̀ náà. Mo kígbe. Ìyá rẹ ní òun lòun fún un. Mo ní kẹ̀kẹ́ ta ni? Ó ní kẹ̀kẹ́ tí òun fi ìrẹsì òun rà fún mi ni.

Olúrántí fi ọwọ́ yí i pẹ̀lú gbogbo agbára, ó fẹ́ kí n rí agbára rẹ̀, mo mọ̀. Atẹ́gùn jáde, ó gbé ìyàngbò, ó gbé ìrẹsì mọ́ ọn, ó da gbogbo rẹ̀ lu Ayọ̀kúnlé tó dúró níwájú tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn, mo ní ẹ rí i báyìí. Ṣùgbọ́n Mìsísì Fọláyẹmí ní kí ó rọra. Ó rọra. Ìyàngbò ń fò lọ sẹ́yìn ògiri, ìrẹsì ń rọ̀ sílẹ̀ sínú agbọ̀n, ó mọ́ tónítóní, ìyá rẹ sì nàró ṣánṣán, ó ń bu ìrẹsì sí i bí ẹni tó ń bu omi sí ìkòkò. Mo tẹ́tí, mo ń dúró de ikọ́ rẹ̀. Kò húkọ́. Mo fura pé ó ń mú un mọ́ra ni, mo dúró títí ìrẹsì fi tán, kò húkọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Fadá yọ̀ǹda ògiri funfun ilé-ìwé fún wọn. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, gbogbo ìlú jókòó sílẹ̀. Àdùkẹ́ sì yọ lára ògiri, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Àwọn ènìyàn hó. Ayọ̀kúnlé sáré lọ sẹ́yìn ilé-ìwé lọ wo ibi tó gbà wọlé, ewúrẹ́ ló bá níbẹ̀. A rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó bu ìrẹsì, tó gbọ̀n ọ́n, tó tún bẹ̀rẹ̀. Eruku bò ó mọ́lẹ̀. Ó húkọ́, a gbọ́ ọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì, ikọ́ náà gùn, ó fi ọwọ́ kan di àyà mú, ó dúró, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan gbé àga wá sábẹ́ igi ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń run orín, ó sì juwọ́ sí i pé kí ó gbé omi wá. Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé ta ni ọ̀lẹ yìí. Ó ní ẹ̀yin mà ni, Bàbá.

Abọ́sẹ̀dé, kámẹ́rà yín purọ́ mọ́ mi. Mo ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ìgbà tí mo kàn ní kí n simi díẹ̀ ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ mí, mo sì fura pé Olúrántí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nítorí ọ̀rọ̀ iṣu. Sọ fún wọn kí wọ́n wá yà mí nígbà tí mo bá ń kọ ebè. Láti ọjọ́ náà n kò lè gbé àga sábẹ́ igi ọsàn mọ́, bí àwọn ọmọdé bá rí mi wọ́n á máa juwọ́ pé kí ẹ gbé omi wá. Fúnra mi ni mo ń bu omi tí mo ń mu báyìí.

Lálẹ́ ọjọ́ sinimá náà, mo ti dìde pé kí n máa lọ sílé nígbà tí nǹkan mìíràn yọ lára ògiri. Yàrá ńlá kan ni, ó kún fún irin àti pákó, ìwọ lo sì wà láàárín rẹ̀. O wọ ṣòkòtò. O fi gíláàsì ńlá bojú, o ń gé páànù, iná ń ta níwájú rẹ. O bọ́ gíláàsì náà, o fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, o wo ọ̀kánkán wa, o rẹ́rìn-ín, o sì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọn kò gba ohùn tìrẹ, ẹnu rẹ nìkan ló ń lọ. Ìyá rẹ dìde. Ó ń kọjá láàárín àwọn ènìyàn, ó lọ títí ó fi kan ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Ojú rẹ wá bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ sára gèlè rẹ̀. Ó ń bi ọ́ pé kí lo sọ, Abọ́sẹ̀dé, kí lo sọ. Ibẹ̀ ni ògiri ti funfun, ó tán.

Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Olúrántí ní ó dìgbà tí òun bá ká a padà sẹ́yìn. Mo ní kí ó ká a. O tún yọ, o tún rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó tún un ká. Mo sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ṣòkòtò náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò bóyá ó bójú mu. Bóyá wọ́n gbà mí gbọ́, n kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn, mo bi Mìsísì Fọláyẹmí pé kí ló dé tí o kò bá wọn wá. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Ó wá ní ìwọ lo ní ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ Ìgbẹmọ títí èmi yóò fi fèsì ìwé rẹ, pé ẹ̀rù mi ń bà ọ́, pé ojoojúmọ́ lo máa ń lọ wo ibi tí wọ́n ń pín ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N kò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ mi ń rìn dé Èkó.

Mo ti lọ sí Adó. Mo sọ fún Sístà pé o kò wá mọ́, kí ó bá wa fi Monínúọlá ọmọ Ayọ̀kúnlé sí àyè náà bó bá ṣeé ṣe, ó ní kí ó wá. Ìyẹn ni Ayọ̀kúnlé fi ń kí ọ. Sístà bi mí pé irú ẹ̀kọ́ wo gan-an lo ń kọ́. Mo gbìyànjú. Mo ní ọmọ mi wà l'Ékòó, ó gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀, ó yà á sí ògiri kí gbogbo wa lè rí i, ó sì fi páànù lé e lọ. Sístà ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà kúkú nìyẹn. N kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Nítorí náà, máa kọ́ ọ lọ. Mo ti sọ fún ìyá rẹ nípa ọ̀rọ̀ Sístà, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ kan, ó ti ń sọ ọ́ báyìí. Ní ti Olúrántí, mo ti wádìí, bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìyìn, onísọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n, ilé wọn mọ́, wọn kò jẹ gbèsè. Mo ṣì ń wádìí lọ. Sọ fún un kí ó máa pè ọ́ ní Abọ́sẹ̀dé, oríkì rẹ kì í ṣe tirẹ̀ títí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò fi wá jókòó níwájú mi.

Bí wọ́n bá ti san owó ìrànwọ́ ìjọba fún ọ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe pé ebi ń pa wá, owó ọkọ̀ ni. Lẹ́yìn Àjíǹde, èmi àti ìyá rẹ ń bọ̀ l'Ékòó wá wo ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra wa. Ó ní o ti rù, ó ń sá èlùbọ́ kiri àgbàlá, ó ń yan ẹran ìgbẹ́, kò gbọ́ tèmi mọ́. Má fi owó náà rán awakọ̀, fi í sínú ìwé, kí o kọ ọ́ sára rẹ̀ pé fọ́tò ni. Má sì sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ pé à ń bọ̀, kí wọ́n má baà gbá ilẹ̀ dè wá. Mo fẹ́ bá wọn bí wọ́n ṣe wà.

Kí Ọlọ́run tó dá ojú má jẹ́ kí ojú rẹ rí ibi. Páànù tí o bá gé kò ní gé ọ lọ́wọ́, iná tí o bá tàn kò ní jó ọ. Ibi tí orí mẹ́ta bá ti ń kọ́lé, tìrẹ kò ní jẹ́ àwátì níbẹ̀. Màríà Mímọ́ yóò dúró tì ọ́ ní Èkó yẹn, nítorí èmi kò fọkàn tán wọn.

Bí o bá sì rí àgbàlagbà kan lẹ́nu géètì yín, tó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà, tó ń wo gbogbo ènìyàn bí olè, má sá, èmi ni.

Bàbá rẹ,
Jósẹ́fù Adébíyìí.